Opó Tí A Dá Lẹ́jọ́ Ní Ṣọ́ọ̀bù Mi

Inú ṣì ń bí mi. Ó yẹ kó ti rọlẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ẹni tó ń tẹ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ fíìmù tí kò wò dé ìdajì, á tún ru sókè. Mo ti rí ohun tí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Orí obìnrin kan wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, mo ti dì í dé ìdajì, ó sì dìde lórí àga mi tòun ti ìdajì irun. Iṣẹ́ ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí irun yẹn.

Onídìrí ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Igbó-Elérin, yàrá kan péré, àga mẹ́ta, dígí ńlá kan, àti tẹlifíṣọ̀n tí mo gbé kọ́ ara ògiri kí àwọn oníbàárà má baà máa sùn mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí síríìsì tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gbé apá kan síta lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ ọjà fún mi. Èmi ni mo forúkọ sílẹ̀ fún wíwò rẹ̀, àwọn oníbàárà ló ń gbé dátà wá. Òfin wa ni pé ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń fún tẹlifíṣọ̀n ní dátà ni orí rẹ̀ máa kọ́kọ́ bọ́ sórí àga, ìbáà jẹ́ òun ló dé kẹ́yìn. Òfin kejì wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ jáde, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ ọ́n: ẹni tó ni dátà ló ni ọ̀rọ̀. Bó bá ní olè ni òṣèré kan, olè ni.

Nínú síríìsì náà, ọkọ obìnrin kan kú lójijì. Kò tíì pé oṣù kan tí ìyàwó fi dirun, ó kun ètè, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹja rẹ̀. Ìyá ọkọ gbọ́, ó sì búra pé òun máa kó ẹrù rẹ̀ síta. Ẹni tó bá mọ àṣà wa á mọ ìdí tí àwọn òǹwòran fi pariwo. Nílé tiwa, bí ọkọ bá kú, ìyàwó á tú irun rẹ̀ sílẹ̀, òòyà ò ní kan orí rẹ̀ títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ibòmíì tiẹ̀ ń ṣe é ní oṣù mẹ́ta. Irun títú yẹn ni aráyé fi ń mọ̀ pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Èyí tó bá dirun ṣáájú ọjọ́, wọ́n á ní ó ti ń retí ikú náà tipẹ́.

Ẹ wá wo kọ́mẹ́ǹtì. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ìyàwó yẹn ló pa ọkọ rẹ̀. Ẹlòmíì kọ ọ́ pé òun ò tíì wò ó o, àmọ́ òun náà gbà pé ìyàwó yẹn ló pa á. Ẹnì kan tó ń gbé lókè òkun, tí mi ò rò pé ó ti jókòó ti opó rí, ní kí wọ́n fún opó náà ní omi tí wọ́n fi wẹ òkú mu. Àwọn oníbàárà mi á máa kà á sókè, a óò máa rẹ́rìn-ín. Ẹ má rò pé mo dákẹ́ nínú gbogbo èyí. Èmi gan-an ni agbẹjọ́rò àgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, tíṣà kan láti Ìbà Estate wọlé. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́. Ó ti ń dirun lọ́dọ̀ mi láti ọdún mẹ́ta, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kì í dá sí ẹjọ́ fíìmù wa. Ó tó oṣù méjì tí mo ti rí i kẹ́yìn. Ó tẹ̀ sí mi létí.

“Àǹtí, ẹ bá mi di ṣùkú lásán, kó má ga. Ọjọ́ Ajé ni mo ń padà síṣẹ́. Wọ́n ní bí mi ò bá wọlé lọ́jọ́ Ajé, àwọn á gbé kíláàsì mi fún ẹlòmíì. Wọ́n sì ní mi ò gbọdọ̀ gbé irun játijàti wá bá àwọn ọmọ.”

“Ibo lẹ tiẹ̀ wà látọjọ́ yìí?”

Ó wo àwọn obìnrin tó wà ní ìjókòó. “Mo lọ sílé ni,” ó ní.

Ó ṣí ìborùn rẹ̀. Irun náà gbẹ, ó ti lọ́ mọ́ra, ó pẹ́ tó ti fojú kan ìpara. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fọwọ́ kan orí obìnrin. Mo mọ orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo mọ orí ẹni tó ṣàìsàn dìde. Ó yẹ kí n mọ ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n apá tuntun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ojú mi wà lára ògiri.

Obìnrin kan tó ń ta fáànù ní Alábà ló gbé dátà wá. Mo ti dirun tirẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí òfin wa, àmọ́ a ò jẹ́ kó lọ, nítorí bó bá lọ, fíìmù lọ. Ó wá fẹ̀yìn ti àga bí ìyálóde. Nígbà tí ìyá ọkọ inú fíìmù gbé àpótí opó náà sọ síta, tí aṣọ fọ́n ká sínú ẹrẹ̀, àtẹ́wọ́ dún ní ṣọ́ọ̀bù mi.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀!” obìnrin Alábà ní. “Ẹ wo ètè rẹ̀! Ta ló ń kun ètè fún? Ẹni tó kú ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá mi. Mo na òòyà sí tẹlifíṣọ̀n, mo ní, “Ẹ jẹ́ n sọ fún yín. Obìnrin tó bá lè jókòó kí wọ́n dirun fún un kí ọkọ rẹ̀ tó pé ogójì ọjọ́ nínú ilẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wádìí. Ó mọ ohun tó pa á.”

Ẹ̀rín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé kúrò. Bí mo ṣe fọwọ́ padà sórí tíṣà, ọrùn rẹ̀ ti le gan-an. Mo rò pé mo fa irun náà jù.

“Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ó ń dùn yín?”

“Ẹ dúró ná, Àǹtí.”

Ó dìde. Apá ọ̀tún ti jọ ṣùkú, apá òsì ṣì dúró gàngà. Ó wé ìborùn rẹ̀ mọ́ méjèèjì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí wa.

“Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ọkọ tèmi pé ogójì ọjọ́,” ó ní. Kò pariwo rárá. “Mi ò mọ ohun tó pa á. Dókítà náà ò mọ̀.”

Ó sọdá pákó tí mo fi lé orí gọ́tà, ó lọ.

Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń sunkún. Obìnrin Alábà ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀. “Haa, a ò mọ̀ o. Ṣebí fíìmù là ń bá wí.”

Ẹ gbọ́ o. Fíìmù là ń bá wí! Opó inú fíìmù ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti nu ètè rẹ̀, ó ti lọ sùn. Ta ni ọ̀rọ̀ wa wá bá, bí kì í ṣe ẹni tó jókòó sáàárín wa? Inú bí mi sí àwọn tó gbé irú eré bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń ru wá sókè, wọ́n sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ kun ètè náà pupa fòò. Ìṣẹ́jú méjì ò tíì pé, mo tún gbọ́ tí obìnrin Alábà rẹ ohùn sílẹ̀ fún ẹni tó jókòó tì í: “Ṣùgbọ́n kí ló wá ń dirun sí, nígbà tó mọ̀ pé kò tíì pé?”

Mo fa wáyà tẹlifíṣọ̀n yọ lára ògiri.

“Dátà mi ńkọ́?” ó ní.

“Ẹ gbé dátà yín, kẹ́ ẹ máa lọ sílé.”

“Ṣé èmi lẹ ń lé? Ẹnu yín ni ọ̀rọ̀ ogójì ọjọ́ ti jáde, Àǹtí. Èmi ò sọ jù ètè lọ.”

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Títí di ọjọ́ Sátidé, ńṣe ni mò ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn mi, obìnrin Alábà, àwọn tó pàtẹ́wọ́, ará òkè òkun. Gbogbo ìgbà tí mo bá bú wọn tán, yóò wá ku ẹnì kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo kó òòyà àti ìpara sínú báàgì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìbà. Mo mọ ilé náà, nítorí mo ti lọ dirun fún un níbẹ̀ nígbà tó bímọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti tú gbogbo irun náà. Kò lé mi, kò sì rẹ́rìn-ín sí mi.

Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí ẹní ní pálọ̀. Fọ́tò ọkùnrin kan wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ojú ọkùnrin náà àti tiwọn, ọ̀kan náà ni. Ìyá ọkọ! Kí n má parọ́, àpótí tó fọ́n ká sínú ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ti báàgì mi sẹ́yìn kí wọ́n má baà rí òòyà, mo kúnlẹ̀ kí wọn.

“Ìwọ ni onídìrí yẹn?”

“Èmi ni, mà.”

“Èmi ni mo ní kí ìyàwó mi lọ dirun,” wọ́n ní. “Ọmọ mi ló kú, iṣẹ́ aya rẹ̀ ò kú. Àwọn ọmọ máa jẹun. Mo bá àwọn àgbà ilé wa sọ ọ́, wọ́n ní kó lọ. Ó wá gbé ìdajì orí dé, ó jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, ó sì tú u. Mo bi í pé ta ló sọ̀rọ̀ sí i, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Ta ni?”

Tíṣà wolẹ̀. Kò fẹjọ́ mi sùn. Obìnrin Alábà ti wà lórí ahọ́n mi. Fíìmù náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo lè ní fíìmù là ń bá wí.

“Èmi ni, mà,” mo ní.

Wọ́n fọwọ́ gbá orí ẹní, wọ́n ní kí ìyàwó wọn wá jókòó. “Ẹnu tó tú u, ọwọ́ rẹ̀ náà ni yóò dì í,” wọ́n ní. “Bẹ̀rẹ̀.”

Mo dì í. Tíṣà wọ kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, mo gbọ́ pé wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn ò kúrò lára mi. Láti ìlà àkọ́kọ́ títí mo fi so ṣùkú náà lókè, ìyá ọkùnrin yẹn ò wo ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò.