Oṣù Tí Mo Yàn fún Ìyá Mi Láti Lọ sí Erékùṣù

Òmìnira Dahomey kò tíì pẹ́ nígbà náà, èmi náà kò sì tíì pẹ́ tí mo ti yunifásítì ní Dakar dé. Kò sí ohun tí n kò mọ̀ nípa ojú ọjọ́. Iṣẹ́ mi ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, ni láti fi èdè Faransé ṣàlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀ fún àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ tí òjò ti pa dé kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Akron, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló kù fún un, obìnrin tó fẹ́ ọkọ sí erékùṣù kan nínú ọ̀sà: ilé orí òpó bí ogójì, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, koríko lẹ́yìn. Àárín àwọn méjèèjì kò gún. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, ó gbàgbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnu obìnrin tó ń ta iyọ̀ ni ìyẹn ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn tí a ti sìnkú tán. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́ta, wọn kò fojú kan ara wọn.

Lóṣù kẹsàn-án, odò kún, ọ̀sà kún. Ìyá mi lọ sí ọjà Avrankou, ó ra àpò gààrí kan, ó ra epo àtùpà, ó gbé wọn sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi.

"Omi ti kún. Ọ̀la, ọkọ̀ á wà. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ lo máa bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi."

Mo ní kó má kánjú. Mo fi ìwé pélébé kan hàn án, èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ń pín fún àwọn òyìnbó tó fẹ́ lọ gbafẹ́ ní àwọn erékùṣù ilẹ̀ olóoru. Wọ́n to oṣù méjèèjìlá sínú rẹ̀. Wọ́n ya òòrùn tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó dára, wọ́n ya agbòjò sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí kò dára. Oṣù kẹsàn-án gba agbòjò. Mo ti lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀rí mi.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni, Màmá."

"Wọ́n mọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo ṣàlàyé fún un nípa ẹ̀fọn, ibà àti ìjì. Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń lọ sí erékùṣù. Ìyá mi kò mọ̀wé, ẹ̀rù ìwé sì máa ń bà á. Èmi ni mo fi ẹ̀rù náà sí i lára.

"Ó dáa, mùsíọ̀," ó ní, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń pè mí, ó sì gbé gààrí rẹ̀ padà.

Ohun tí ojú tì í láti ṣàlàyé fún tíṣà ni ohun tí gbogbo ará ọ̀sà mọ̀. Bí omi bá kún, oko á rì, ààrò á tutù, ẹja á fọ́n ká sínú alagbalúgbú omi tí àwọ̀n kò ní lè ká. Ebi á dé. Ẹni tó bá jẹ́ ẹbí á di gààrí sínú ọkọ̀, á wà á dé ẹnu àkàsọ̀ rẹ. Nígbà tí omi bá fà, ẹja á há sínú àwọn kòtò gígùn tí ilé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ sáàárín koríko, kíkó ló kù. Ìgbà yẹn ni àwọn ìbátan tí ẹnikẹ́ni kò rí láti ọjọ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Àlejò ẹja ni wọ́n ń pè wọ́n.

Oṣù kìíní la lọ. Mo wọ ṣòkòtò funfun, mo wọ bàtà funfun, mo dé fìlà koríko tí ìwé náà ní ó yẹ. Ọkọ̀ wa há sínú ẹrẹ̀ níbi tó jìnnà sí ilé, a sọ̀kalẹ̀. Gààrí oṣù kẹsàn-án wà lórí ìyá mi, ẹrẹ̀ ń mu ún dé orúnkún. Àwọn obìnrin tó ń kó ẹja nínú kòtò gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀ o! Atẹ́gùn ti gbé òórùn ẹja dé Àjàṣẹ́!"

"Ẹ wo yovó!" Bí wọ́n ṣe ń pe òyìnbó níbẹ̀ nìyẹn. "Aṣọ funfun ló wọ̀ wá kó ẹja!"

"Ẹ rọra o, ẹ jẹ́ kí mùsíọ̀ rí ibi tí bàtà á gbà!"

Ìyá mi bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde nínú kòtò, ẹrẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ síbi tó wà. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Mo wo ṣòkòtò mi. Mo tẹ̀ba, mo fi ìka méjì kan ilẹ̀. Obìnrin náà rí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a wá bẹ̀ yín ni."

"Ẹ dìde. Ẹ bọ́ sásìkò, ẹja pọ̀." Àbúrò rẹ̀ ló ń pè ní ẹ, bí ẹni ń kí àjèjì.

"Ẹja kọ́ la wá kó."

"Nígbà tí omi wọ ibùsùn mi, àjà ni mo gbé ẹní lé. Ọkọ̀ Àjàṣẹ́ ń kọjá, mo ń wo ojú àwọn tó wà nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ló dá yín dúró?"

Ìyá mi wò mí. Kò fi ojú náà fẹ̀sùn kàn mí. Ó kàn fi í yà fún mi bí ènìyàn ṣe ń yà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹlòmíràn lè kọjá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́: èmi ni mo dá a dúró. Mo lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì ní kíláàsì láì mu omi. Lọ́jọ́ náà, mo ń rò ó bí yóò ti rí létí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn pé àwòrán òòrùn tó ń rẹ́rìn-ín ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ṣí fìlà mi, mo tún un dé.

"Ara mi ni kò yá, ẹ̀gbọ́n mi," ni ìyá mi wí. Ara rẹ̀ le koko ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ẹja àrọ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, ìwọ̀n tí wọ́n ń kó fún gbogbo àlejò ẹja, ó fi ewé bò ó, ó padà sínú kòtò. Kò ní ká gòkè wọlé. A gbé gààrí sílẹ̀ nídìí àkàsọ̀, ẹnikẹ́ni kò wò ó.

Nígbà tí a délé, ìyá mi pín ẹja náà káàkiri Akron títí apẹ̀rẹ̀ fi ṣófo. Kò fi ẹyọ kan sínú ìkòkò wa. Aládùúgbò kan din tirẹ̀, ó bu díẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, n kò sì lè purọ́ nípa ìyẹn náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, omi kún, ìyá mi ra gààrí mìíràn. Kò kan ilẹ̀kùn mi. Aládùúgbò ló sọ fún mi pé ó ti lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ dúró dè é ní èbúté. Etí ìró rẹ̀ tutù, òun àti ọlọ́kọ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀.

"Ṣé ẹ sọ òtítọ́ fún wọn, Màmá?"

"Òtítọ́ wo?"

"Pé èmi ni mo dá yín dúró."

"Tìẹ nìyẹn," ó ní. "N kò lè bá ọ sọ ọ́." Ó gbé ẹrù rẹ̀ fún mi, a jọ gòkè lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún lo ọdún mẹ́rin láyé. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀, n kò sì wọ ọ̀kankan.