Bíréèkì Tí Mo Ní Wọ́n Ti Ṣe

Ẹni tó bá ti fi ẹ́ńjìnì gégi rí mọ̀ pé bíréèkì rẹ̀ kò jọ ti ọkọ̀. Abala pẹlẹbẹ kan ló wà níwájú ibi tí a ti ń fi ọwọ́ òsì dì í mú. Bí orí irin tí ṣéènì ń sá lé bá gbá igi, tí ẹ́ńjìnì fò padà sí ẹni tó gbé e dání, ẹ̀yìn ọwọ́ onítọ̀hún á ti abala yẹn síwájú, ṣéènì á sì dúró lójú ẹsẹ̀. Ọ̀já irin kan nínú lọ́hùn-ún ló ń mú un dúró. Ọ̀já yẹn ló já nínú tiwa, èmi ni mo sì parọ́ pé wọ́n ti ṣe é.

Àbúrò bàbá mi ló ni ẹ́ńjìnì náà. Bàbá ni mo ń pè wọ́n, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́, àwa méjèèjì la sì jọ ń gégi nínú oko kòkó láti Ìlá títí dé Ọ̀rà. Bí epo bá ti tán mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, á gbé e fún ẹnìkejì, á lọ jókòó. Bàbá kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Wọ́n á fi fáìlì pọ́n eyín ṣéènì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọwọ́ fà á wò bóyá ó ti dẹ̀ jù.

Lọ́jọ́ tí bíréèkì já, wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì yọ èyí tó já, ó ní kí a má lò ó títí òun á fi rí òmíràn láti Òṣogbo. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni igi tí a fẹ́ gé ní Ọ̀rà ti ní bí a kò bá wá lọ́la, òun á pe àwọn mìíràn. Mo dé ìdérí rẹ̀ padà, mo gbé e délé.

“Wọ́n ti ṣe é, sà.”

“O ti dán an wò?”

“Mo ti dán an wò, sà.”

Bàbá gbà mí gbọ́. Èèyàn tó ń dán gbogbo nǹkan wò, èmi nìkan ni wọn kò dán wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ṣe ń di ẹ́ńjìnì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá, jáde síta. Wọ́n wo ṣéènì náà, wọ́n ní, “Ẹ rọra o. Nǹkan yìí ò lójú. Kó má lọ gé yín lápá.”

Ojú Bàbá korò. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fẹnu yín pè é.”

Nílé wa, a kì í dárúkọ ibi fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹnu bá ti pè é, ó ti wá nìyẹn. Èmi náà yára ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ohùn mi ló tilẹ̀ ròkè jù. Ohun tí Ìyá sọ gan-an ló yẹ kí èmi sọ, inú mi sì dùn pé Bàbá ti pa á mọ́ wọn lẹ́nu.

Arère ńlá kan ni igi náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ gé e, mo ń rọra bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí epo tán, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n tún gé díẹ̀ sí i, sà.” Wọ́n bi mí bóyá mo rò pé àwọn ti darúgbó ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo rọ epo sí i, mo gbé e fún wọn.

Igi ti wó, Bàbá ń gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀, nígbà tí orí irin náà kan ẹ̀ka mìíràn lábẹ́. Ẹ́ńjìnì fò sókè. Mo fi ojú mi rí i tí ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ti abala yẹn síwájú bó ti yẹ. Ṣéènì kò dúró. Apá òsì ló bá. Mo fi ẹ̀wù mi di ojú ọgbẹ́, mo sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Wọn kò gé apá náà, ṣùgbọ́n kì í kọjá àyà mọ́. Ọwọ́ kan ni Bàbá fi ń ṣe àdúà. Nígbà tí àwọn èèyàn wá kí wọn, Bàbá ní, “Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ni.” Gbogbo ilé mi orí. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kò jẹ oúnjẹ Ìyá mọ́. Nígbà Iléyá, Ìyá fi ẹran ránṣẹ́, Bàbá ní kí wọ́n dá a padà. Èmi ni wọ́n fi í rán. Ìyá gba abọ́ náà, wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá, mo sì jẹun yó. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ ti bá tèmi nínú oko Ọ̀rà. Èmi nìkan ló rí i, mo sì yí ojú kúrò.

Ọdún méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ pé Ìyá ń di ẹrù, wọ́n fẹ́ fi ilé sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Ìbàdàn. Ọkàn mi kò gbà á mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo sì jẹ́wọ́. Wọn kò nà mí, wọn kò ṣépè. Wọ́n na ọwọ́ mú fìlà wọn, wọ́n ní:

“Dìde. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.”

A bá Ìyá lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, níbi tí wọ́n ti ń di aṣọ sínú àpò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, apá kò gbà, wọ́n bá kúnlẹ̀. Mo ń retí kí Ìyá pariwo, kí wọ́n tilẹ̀ gbá mi létí. Wọ́n jókòó lórí àpò aṣọ náà.

“Ọmọ mi ọkùnrin ń wakọ̀ Èkó,” ni Ìyá wí. “Kó tó gbéra, á pè mí. Láti ọdún méjì, n kì í gbé fóònù rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà sọ fún un pé kó rọra. Èmi fúnra mi ti gbà pé ẹnu mi ni.”