Apá Ta La Fi Wọ̀n Ọ́n?

Bí mo bá ti gbóòórùn àǹkárá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ọ̀rá, ọjà Mont-Bouët ni ọkàn mi ń lọ, sí àárọ̀ Sátidé kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìsọ̀ aṣọ màámi wà nítòsí ibi tí àwọn takisí ti máa ń fun fèrè ṣáá.

Màámi kì í lo ọ̀pá ìwọnṣọ. Yóò di etí aṣọ mú síbi imú, yóò na apá kejì gbọọrọ: ọ̀pá kan nìyẹn. Nílé ìwé, ìṣirò ìdá, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, tí olùkọ́ ń kọ sára pátákó kò yé mi rárá, ṣùgbọ́n ti màámi yé mi. Ohun tí mo fẹ́ láyé kò ju kó fún mi ní àlùmọ́gàjí rẹ̀ kí n gé aṣọ fún oníbàárà.

Lọ́jọ́ yẹn, màámi sáré lọ ra búrẹ́dì. Ìyá Sùlé, aládùúgbò wa ní Plaine Orety, dé, ó ń fẹ́ ọ̀pá mẹ́fà fún ìkómọ. Mo fi etí aṣọ kan imú, mo na apá, ẹ̀ẹ̀mẹfà géérégé, mo sì gé e. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Kí oòrùn tó mú, Ìyá Sùlé ti padà dé. "Ìyá Ràṣídà, télọ̀ ní aṣọ yìí ò tó o!"

Ẹ̀rù bà mí. "Màámi, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo wọ̀n ọ́n, je vous jure, mo búra!"

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni lóòótọ́. Apá ta?"

Ó bẹ Ìyá Sùlé, ó gé òmíràn fún un, ó sì gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi. "Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. O ò béèrè. Ó di ọjọ́ tí apá rẹ bá pé ọ̀pá." Ó dùn mí wọra.

Ó wá ju okùn kan sí mi pé kí n wádìí bí apá mi ṣe kúrú sí tirẹ̀ tó. Mo wọ̀n, mo tún wọ̀n: márùn-ún tèmi ni mẹ́rin tirẹ̀. Á à! Ìdá kan nínú márùn-ún ló ń dín nínú ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Lọ́nà mẹ́fà, ó ju odindi ọ̀pá kan lọ. Mo sáré wọn aṣọ tó kù díẹ̀ káàtó náà wò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ìdá tí olùkọ́ ń tìtorí rẹ̀ pariwo, ara apá mi ló wà látọjọ́ yìí.

Oṣooṣù ni mo ń fi okùn wọn apá ara mi lẹ́yìn náà. Nígbà tí apá mi fi máa pé ọ̀pá, ìwé ti gbà mí lọ́kàn, mi ò rántí àlùmọ́gàjí mọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni mí báyìí ní Angondjé, okùn ni mo sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìdá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà kí màámi ní ìsọ̀. Ó ń wọn aṣọ fún oníbàárà, ṣùgbọ́n èjìká ń dùn ún, apá kò nà mọ́. Ó wo aṣọ, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Apá ta?" Ó na àlùmọ́gàjí sí mi.

Mo fi etí aṣọ kan imú, mo na apá. Ó pé. Ó sì wù mí kí apá mi tún kúrú.