Káàdì Abẹ́rẹ́ ní Erékùṣù

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti Ṣakí dé Abidjan. Ẹnubodè mẹ́rin la kọjá. Ní gbogbo wọn ni aláṣọ kakí ti ń nawọ́ sí mi pé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mi dà. Tìbínú-tìbínú ni mo fi dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń tajà ní Abobo, àdúgbò kan ní Abidjan, ò jẹ́ kí n tíì wọlé, torí àwọn ará Ṣakí tó ń dúró nílé rẹ̀ láti gbọ́ ìròyìn ò ní jẹ́ kí n sinmi. Ó mú mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Boulay, kí inú mi lè kọ́kọ́ rọ̀.

Bí a ṣe gúnlẹ̀, aláṣọ kakí kan nawọ́ sí mi. Mo fa káàdì yọ: "Gbà, wò ó dáadáa!"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà, tó ń gba àlejò létí omi, kàn fẹ́ fà mí gòkè láti inú ọkọ̀ ni. Ó gbé àgbọn tútù lé mi lọ́wọ́: "Bonne arrivée, tantie," ìyẹn "Ẹ káàbọ̀, àǹtí" lédè Faransé.

Mo mí kanlẹ̀. Láti Ṣakí, òun ni aláṣọ kakí àkọ́kọ́ tó kí mi káàbọ̀.