Ìdajì Hóró Oògùn

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa nípa oògùn ní yunifásítì ni mo ti sọ ara mi di dókítà. Mo máa ń wọ kóòtù funfun lọ ra ẹ̀pà ní àdúgbò Adébáyọ̀, bóyá ẹnìkan á jàjà dákú níwájú mi. Kò sẹ́ni tó dákú. Ẹlẹ́pà ṣáà bi mí pé iléeṣẹ́ búrẹ́dì wo ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ wa ní nǹkan méjì péré ni ẹ̀kọ́ náà: ohun tí oògùn ń ṣe sí ara, àti ohun tí ara ń ṣe sí oògùn. Mo há méjèèjì sórí bí àdúrà.

Nígbà tí ìdánwò àfẹnusọ ku ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò tún ọdún náà ṣe, mo gba ìlú Ìgèdè lọ kàwé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, aránṣọ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

"Dókítà mi, wọ ulé! Wá bá mi wo oògùn yìí, kò ràn mí mọ́."

Inú mi dùn. Mo fi òyìnbó ńláńlá ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín títí wọ́n fi yán. Mo ní ó yẹ kí wọ́n fi oògùn mìíràn kún un.

Wọ́n mú hóró kan, wọ́n fi abẹ́ ìtúṣọ gé e sí méjì, wọ́n gbé ìdajì mì, wọ́n fi bébà wé ìyókù.

"Ta lẹ ń tọ́jú ìyẹn fún?"

"Ìyá elépo ẹ̀gbẹ́ mi ni. Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà ń ru. Ṣé kí n máa dá a lò níṣojú ẹ̀ ni? Ahun ni mí?"

Mo pa ìwé dé. Kí wọ́n tó gbà láti máa lo odidi, àfi ìgbà tí mo fúnra mi mú ìyá elépo lọ sí ọsibítù kó lọ gba tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹni tó ṣáájú mi ka orúkọ oògùn mẹ́fà, ó sì jáde tẹkúntẹkún. Ọ̀jọ̀gbọ́n bi èmi náà ní ìbéèrè kan náà: "Aláìsàn ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò wálẹ̀. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Sà, màá bi í pé ta ló ń bá a pín in."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá tèmi ní Igbemọ, àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń pín in." Ó sì kọ máàkì mi sílẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Nígbà tí mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé mo yege, tí mo sì sọ ti ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n fún wọn, ti ìdánwò kọ́ ni wọ́n ń sọ.

"Ẹni mẹ́ta!" wọ́n ní. "Ìyá yẹn mà lawọ́ o."