Ìbòjú Tó Ń Mí

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tó dá ojú méjèèjì sí fún mi tí mo fi ń kọ èyí. Ẹni tó bá ti wo iná ajórin rí láìbojú yóò mọ ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́ mi láti ibẹ̀.

Ọmọ ilé kéwú ni mò ń kọ́ ní Ìgándò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí onílé gba ilé rẹ̀, tí ilé kéwú sì tú ká, ìyàwó mi wà nínú oyún, èmi fúnra mi sì ti lé lógójì ọdún. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ ajórin ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ìkòtún. Ọ̀gá mi kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Èmi ń pè é ní Ọ̀gá, òun ń pè mí ní Alfa, kò sì sí ẹni tó ń fi “ìwọ” pe ẹnì kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fún mi. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn, màá jó irin pẹlẹbẹ méjì pọ̀, òun yóò sì fi òòlù ńlá lù ú. Bó bá já, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Mi ò sì ní iṣẹ́ mìíràn.

Ìbòjú dúdú kan tó ti sán létí ló gbé fún mi. Ó ní ti ọ̀gá òun tó ti dolóògbé ni. Tí mo bá fà á bojú, ayé á ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, màá sì máa gbọ́ èémí kan nínú rẹ̀, tó ń lọ, tó ń bọ̀. Mo ní èémí tèmi ni. Lọ́jọ́ kan mo dá èémí mi dúró láti fi wò ó. Kò tètè dákẹ́.

Ọ̀gá ní kí n máa ṣá ẹlẹ́tíróòdù, ọ̀pá tín-ín-rín tó ń yọ́ láti so irin pọ̀, sára irin bí ẹni ń ṣáná, kí n sì tètè gbé e sókè díẹ̀. Mo ṣá a, ó lẹ̀ mọ́ irin. Mo fà á, kò wá. Ó dà bíi pé ẹnìkan di orí rẹ̀ mú láti abẹ́ irin. Ẹ̀rọ ń kùn, ẹlẹ́tíróòdù ń pọ́n bọ̀ lọ́wọ́ mi.

“Ẹ yí i, Alfa, ẹ yí i!” Ọ̀gá pariwo. “Àbí ẹ ti gbé e níyàwó ni?”

Ó ní kò sí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí tí tiẹ̀ kì í lẹ̀. Mi ò gbà. Olóògbé tó ni ìbòjú ni mò ń rò. Àbúrò ìyá mi ti gbé omi Sámúsámù bọ̀ fún mi láti Mẹ́kà nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan. Láti ọjọ́ kejì, kí Ọ̀gá tó dé láàárọ̀, màá ka Fátíà, màá sì wọ́n omi náà sí páálí ẹlẹ́tíróòdù tó yà sọ́tọ̀ fún mi.

Ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Ẹlẹ́tíróòdù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hììì, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín eyín. Ó ń tu iná sí mi lára. Tí mo bá gbá èépá kúrò lójú ibi tí mo jó, ihò tín-tìn-tín ni màá rí, wọ́n á pọ̀, wọ́n á máa wò mí bí ojú. Tí mo bá ṣí ìbòjú, nǹkan aláwọ̀ ewé kan á dúró lára ògiri. Bí mo bá yíjú, á yí tẹ̀ lé mi. Mo rò pé ohun tí mò ń bá jà ti mọ̀ pé mò ń bá òun jà. Mo fi kún omi.

Nígbà tó yá, mi ò fẹ́ wọ ìbòjú náà mọ́. Mo jórin lójú lásán lọ́jọ́ kan. Nírọ̀lẹ́, ó dà bíi pé wọ́n da iyanrìn gbígbóná sí mi lójú. Aṣọ tútù ni ìyàwó mi fi ń bò ó fún mi. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè lajú dáadáa.

Mo padà lọ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ mú ẹlẹ́tíróòdù kan nínú páálí mi. Ó ṣe hììì lọ́wọ́ tiẹ̀ náà. Ó dúró. Ó fi ìka ra ara ọ̀pá náà, ó ń rún bí ẹfun tó rẹ.

“Ta ló da omi sí èyí?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àjákù irin tó wà nílẹ̀.

“Alfa.”

“Omi Sámúsámù ni, Ọ̀gá.”

Ó jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ gbà mí o! Ẹlẹ́tíróòdù kì í mu omi, Alfa. Omi yẹn náà ló ń ṣe hììì sí yín létí. Ẹ mu omi yín jàre, ẹ fi àdúrà sẹ́nu.”

Ojú tì mí. Omi náà kò jẹ̀bi. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí Ọlọ́run kò rán an. A já páálí tuntun, a sá a sórí páànù nínú oòrùn. Lọ́jọ́ kejì, hììì ti lọ, ihò ti lọ. Nǹkan aláwọ̀ ewé náà, Ọ̀gá ní òjìji iná ni, kì í pẹ́ lójú ajórin. Èémí yẹn nìkan ló kù.

“Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ̀yin kì í lo ìbòjú yìí?”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. “Ẹ máa kí i kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́,” ó ní. “Kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo gbé ìbòjú náà lọ́wọ́, mo sálámà sí i, mo wọ̀ ọ́. Bísímílá. Iná gbà. Èémí náà ń lọ, ó ń bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ mi sì ń bá a rìn. Ọ̀gá lu irin náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tẹ̀. Kò já.

“Ó di Mọ́ńdè, Alfa.”

Ọmọ wa ti ń rìn báyìí. Ìbòjú náà ṣì ni mò ń lò, mi ò sì dá èémí mi dúró wò ó mọ́.

Kí Allāhu dá ojú ẹ̀yin tí ẹ ka èyí sí. Kí ohun tí ẹ bá so pọ̀ má ṣe já. Ohun yòówù tó bá sì ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú òkùnkùn, kó jẹ́ àlàáfíà ló bá wá. Àmín.