Bí Bhanu Ṣe Kọ́ Káàdì Nílé Ọkọ

Bhanu, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, ojú rẹ̀ kì í pa nǹkan mọ́. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀ mi, kó tó lanu ni ojú rẹ̀ á ti sọ ọ́. Lọ́dún tó dé ilé wa ní Gondal, kò fọwọ́ kan káàdì rí, torí èèwọ̀ ni nílé bàbá rẹ̀. Nílé tiwa ńkọ́? Lọ́jọ́ ọdún òrìṣà Shitala, obìnrin kankan kì í dáná. Thepla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tá a ti dín sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, la máa ń jẹ ní tútù. Kí la wá fẹ́ fọwọ́ ṣe? Káàdì ni!

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Bhanu lọ bá Jiviba, ìyá ọkọ wa, pé òun fẹ́ lọ bá ìyá òun ṣọdún òrìṣà Krishna tó máa bọ́ sí ọjọ́ kejì, ní Jetpur. Látìgbà ìgbéyàwó ni kò ti fojú kàn án, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ gan-an.

"Jókòó, ká ta káàdì," ni Jiviba wí. "Tó o bá nà mí ní èyí tá a bá ta kẹ́yìn nírọ̀lẹ́, o lọ nìyẹn."

"Ìyá, mi ò mọ̀ ọ́n ta."

"Ìyálé ẹ á kọ́ ẹ."

Mo kọ́ ọ. "Mẹ́ta mẹ́ta la máa ń pín in, ẹni tó bá gbọ́kàn lé tiẹ̀ á fowó lélẹ̀. Mẹ́ta tó bá jọra ló ga jù. Ẹni tó bá bẹ̀rù tó ju tiẹ̀ sílẹ̀, ó ti fìdí rẹmi, ọba mẹ́ta ì báà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ojú ẹ sọ̀rọ̀."

Ta ló gbọ́? Ó rí ayaba méjì, ó bú sẹ́rìn-ín kèékèé, gbogbo wa sá. Ó rí káàdì burúkú, ó gé ètè jẹ, Jiviba wọ́ owó wẹ́wẹ́ rẹ̀ lọ.

"Bhanu, ojú lò ń ta àbí káàdì? Mo ti ka tìẹ tán láì ṣí i!"

A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá.

Èyí tó kẹ́yìn dé, mo tètè yẹra. Bhanu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé káàdì rẹ̀ ni bàbá ọkọ wa wọlé, ó jókòó sórí jangirọ́fà tá a so sí pálọ̀. Wéré, àwa ìyàwó fa sárì bojú dé àyà, torí a kì í ṣíjú níwájú rẹ̀. Jiviba na ọrùn wá ojú Bhanu títí, aṣọ pupa ló rí.

Ó fowó lélẹ̀. Bhanu náà fi tiẹ̀ sí i. Jiviba tún fi kún un, Bhanu ò sá. Ni ìborí Bhanu bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ wò ó, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín! Mẹ́ta tó jọra ló mú!" Jiviba ju ọba méjì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣí káàdì Bhanu wò: eéjì, aárùn-ún, ẹẹ́sàn-án.

Mo ké "Yéè!" inú mi dùn débi pé mo tẹ àwo thepla mọ́lẹ̀. Jiviba ti orí bọ abẹ́ ìborí Bhanu. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú," ohùn Bhanu ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, "káàdì burúkú ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ṣé ẹ máa jẹ́ n lọ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Jiviba yọ orí jáde, ó fi etí sárì nu ojú ara rẹ̀.

"Dìde, lọ palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. O ò sì gbọdọ̀ sọ fún ìyá ẹ pé ẹkún lo fi nà mí."